Georg Simon Ohm: Olùkọ́ Ilé-Ìwé Girama tí Ó Wá Òfin Iná Mànàmáná Rí

Nígbà tí ilé-ìwé kan bá ń ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ rẹ̀, ó ti di àṣà fún wa láti ka orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé náà tí wọ́n ti di ẹni ńlá láwùjọ: adájọ́, oníṣègùn, ọ̀jọ̀gbọ́n, bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ológun. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í sábà rántí àwọn olùkọ́ tí wọ́n dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ọdún dé ọdún, tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan, tí ẹ̀fun ìkọ̀wé sì kún aṣọ wọn. Nítorí náà ni mo ṣe yàn, nínú ìwé àjọ̀dún yìí, láti sọ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n nípa olùkọ́ ilé-ìwé girama kan tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Yorùbá rí, tí ó sì ti kú láti ọdún 1854, síbẹ̀ tí kò sí ilé oníná kan ní Ọ̀bà-Ilé, ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó tí iṣẹ́ rẹ̀ kò wọ̀.

Georg Simon Ohm ni orúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ní kíláàsì físíìsì rí yóò rántí orúkọ náà, nítorí pé lẹ́tà mẹ́ta ni a fi ń kọ òfin rẹ̀ sí ojú pátákó: V, I àti R. Ọ̀pọ̀ ni ó há òfin náà sórí fún ìdánwò WAEC, tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ kí èsì ìdánwò tó jáde. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ní kíláàsì ni irú ènìyàn tí ó wá òfin náà rí, ibi tí ó ti rí i, àti ohun tí ó ná an kí ayé tó gbà á gbọ́.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹta, ọdún 1789, ni a bí Georg Simon Ohm ní ìlú Erlangen ní ilẹ̀ Jámánì. Johann Wolfgang Ohm ni bàbá rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ń rọ àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ni. Maria Elizabeth ni ìyá rẹ̀, ọmọ aránṣọ kan ní ìlú kan náà. Ìdílé Kristẹni ti ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni wọ́n, wọn kì í sì í ṣe olówó. Ọmọ méje ni wọ́n bí, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni ó dàgbà: Georg, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ń jẹ́ Martin, àti arábìnrin wọn Elizabeth Barbara. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Georg nígbà tí ìyá wọn fi ayé sílẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ náà kò ka ìwé ní yunifásítì kankan. Fúnra rẹ̀ ni ó fi ìwé kíkà kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ohun tí ó kọ́ ni ó sì jókòó fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ilé, títí tí ẹ̀kọ́ ilé wọn fi ju ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbà ní ilé-ìwé lọ. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Martin di onímọ̀ ìṣirò tí ó lórúkọ, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berlin. Georg ní tirẹ̀ rí ẹ̀kọ́ kejì gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀: ó mọ bí a ti ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ irin. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò níwájú. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kà á, alágbẹ̀dẹ yìí kò ní owó tí yóò fi wá olùkọ́ àdáni fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àkókò rẹ̀ ni ó fún wọn.

Ní ọdún 1805, Georg wọ Yunifásítì Erlangen. Kò pẹ́ tí ijó jíjó, eré orí yìnyín àti eré bílíádì fi gba àkókò rẹ̀. Inú bí bàbá rẹ̀ gidigidi pé ọmọ òun ń fi àǹfààní tí òun fúnra òun kò ní ṣòfò. Ó mú un kúrò ní yunifásítì, ó sì rán an lọ sí ilẹ̀ Switzerland, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1806. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà. Níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. Bí ó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni òun náà ń ka ìwé àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò bí Euler àti Laplace. Nígbà tí ó padà sí Erlangen ní ọdún 1811, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní oṣù Kẹwàá ọdún náà.

Ó kọ́ni fún ìgbà díẹ̀ ní yunifásítì náà, ṣùgbọ́n owó tí ó ń gbà kò tó jẹun. Ní ọdún 1813, ó gba iṣẹ́ ní ilé-ìwé kan tí kò lórúkọ ní ìlú Bamberg. Ilé-ìwé náà kógbá wọlé ní ọdún 1816, a sì gbé e lọ sí òmíràn ní ìlú kan náà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Nínú gbogbo ìnira yìí, ó jókòó, ó kọ ìwé kékeré kan lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ní jẹ́ọ́mẹ́tìrì. Ìwé náà jáde ní ọdún 1817, ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọba Prussia. Ìwé yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, a pè é wá kọ́ ìṣirò àti físíìsì ní ilé-ìwé girama Jésúìtì ní ìlú Cologne.

Yàrá Àyẹ̀wò ní Cologne

Ilé-ìwé Kristẹni àtayébáyé ni ilé-ìwé yìí. Àwọn àlùfáà Jésúìtì ti ìjọ Kátólíìkì ni ó ti mú un dàgbà ní ayé àtijọ́, orúkọ wọn sì wà lára rẹ̀ títí di ìgbà Ohm. Ohm kì í ṣe ọmọ ìjọ Kátólíìkì, síbẹ̀ wọ́n gbà á. Ohun tí ó wú u lórí jù níbẹ̀ ni yàrá àyẹ̀wò físíìsì tí ilé-ìwé náà ní, tí ó kún fún irin iṣẹ́ dáadáa. Nínú yàrá yìí, tí a ṣe fún ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọdé, ni ó ti ṣe iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò fi parẹ́.

Ní ayé ìgbà náà, iná mànàmáná ṣì jẹ́ ohun ìyanu lásán. Volta, ará Ítálì, ti ṣe bátìrì àkọ́kọ́ ní ọdún 1800, ṣùgbọ́n kò sí gílóòbù, kò sí fáànù, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ iye iná tí ó ń gba inú wáyà kan kọjá. Ní ọdún 1820, Oersted, ará Denmark, rí i pé bí a bá gbé wáyà tí iná ń gbà kọjá súnmọ́ kọ́ḿpáàsì, abẹ́rẹ́ òòfà inú rẹ̀ yóò yí. Ohm gbọ́ nípa èyí, ó sì rí ọ̀nà níbẹ̀. Bí iná bá lè yí abẹ́rẹ́, a jẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ náà bá ti yí tó ni a ó fi mọ bí iná náà ti pọ̀ tó. Iná tí ojú kò rí ti wá di ohun tí a lè wọ̀n.

Ó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ó fi irin ṣe ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn láti béèrè: bí a bá mú wáyà gùn sí i, báwo ni iná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá yóò ti dín kù tó? Ní ọdún 1825, ó tẹ èsì àkọ́kọ́ jáde. Ṣùgbọ́n bátìrì ìgbà náà kì í dúró sójú kan. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni agbára rẹ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀, òdiwọ̀n tí Ohm rí ní ọdún yẹn kò sì tọ́ tán. Poggendorff, olóòtú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí Ohm ń kọ̀wé sí, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi bátìrì sílẹ̀, kí ó lo ohun tí Seebeck ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí: pé bí a bá so irin oríṣi méjì pọ̀ ní ìkángun méjèèjì, tí a mú ìkángun kan gbóná, tí a mú èkejì tutù, iná yóò ṣàn.

Ohm kò jẹ́ kí ìgbéraga dí òun lọ́wọ́. Ó gba ìmọ̀ràn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó so bàbà mọ́ irin tí a ń pè ní bismuth. Ó ki ìkángun kan bọ omi híhó, ó ki èkejì sínú yìnyín tí ń yọ́. Omi híhó kì í gbóná kọjá ìwọ̀n rẹ̀, yìnyín tí ń yọ́ kì í sì í tutù kọjá ìwọ̀n tirẹ̀. Nítorí náà ipá tí ń ti iná náà dúró ṣinṣin. Ó wá mú wáyà bàbà mẹ́jọ tí wọ́n nípọn bákan náà ṣùgbọ́n tí gígùn wọn yàtọ̀ síra. Ó ń so wọ́n mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo abẹ́rẹ́, ó ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún ń ṣe é ní ọjọ́ mìíràn láti mọ̀ bóyá èsì náà yóò bá ti àkọ́kọ́ mu. Ní ọdún 1826, òfin náà yọ sí gbangba. Ó kọ ọ́ jáde, ó fi èyí tí ó tọ́ rọ́pò èyí tí kò tọ́ tán, kò sì fi bò.

Ohun tí Òfin Náà Sọ

Ẹ jẹ́ kí a lo ohun tí ó wà ní ọ̀pọ̀ àgbàlá ní Ọ̀bà-Ilé lónìí, èyí ni táǹkì omi tí a gbé sórí òpó, tí páìpù ti inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí ilé. Bí táǹkì náà bá ti ga tó ni omi yóò ti fi ipá jáde tó. Bí páìpù náà bá tóóró tàbí tí ó gùn púpọ̀, yóò dá omi lọ́wọ́ kọ́. Omi tí ó dé inú garawa ní ìṣẹ́jú kan wà lọ́wọ́ nǹkan méjèèjì: ipá tí ń tì í àti ìdènà tí ń dá a dúró.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iná rí. Ipá tí ń ti iná ni a ń pè ní fóltéèjì, fóltì sì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Iná tí ó ń ṣàn ní tòótọ́ ni a ń pè ní kọ́rẹ́ǹtì, áḿpù ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ohun tí ń dá ìṣàn náà lọ́wọ́ kọ́ nínú wáyà ni ìdènà. Ohm fi hàn pé nínú wáyà tí ooru rẹ̀ kò yí padà, bí a bá sọ ipá di ìlọ́po méjì, ìṣàn yóò di ìlọ́po méjì. Bí a bá sọ ìdènà di ìlọ́po méjì, ìṣàn yóò dín kù sí ìdajì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò mọ ẹ̀kẹta. Bí a bá fẹ́ mọ ìdènà, a ó fi iye áḿpù pín iye fóltì. Kí Ohm tó dé, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ń da ipá àti ìṣàn pọ̀ mọ́ ara wọn. Olùkọ́ yìí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, tí ó sì fi ìṣirò so wọ́n pọ̀.

Òtítọ́ Dọ́jà

Ní ọdún 1826, Ohm tọrọ ààyè lọ́wọ́ ilé-ìwé rẹ̀ láti lọ sí Berlin fún ọdún kan, kí ó lè parí ìwé tí yóò ṣàlàyé gbogbo iṣẹ́ náà. Ìdajì owó oṣù ni wọ́n gbà láti máa san fún un. Ó lọ gbé pẹ̀lú Martin àbúrò rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1827. Ìrètí rẹ̀ ni pé ìwé yìí yóò sọ òun di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ni ó kà á, àwọn kan nínú àwọn tí ó kà á sì bẹnu àtẹ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ físíìsì ní Jámánì ìgbà náà kò fẹ́ràn kí a máa fi ìṣirò tó jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ wádìí ìṣẹ̀dá. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ó dun Ohm dé ọkàn. Ní ọdún 1828, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Cologne sílẹ̀. Fún ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ń kọ́ni fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ ní Berlin, láìní ipò tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin tí ó ti wá ọ̀kan nínú àwọn òfin tí ó ṣe pàtàkì jù nínú sáyẹ́ǹsì rí. Ọdún 1833 ni ó tó rí iṣẹ́ gidi gbà ní ilé-ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú Nuremberg.

Ilẹ̀ òkèèrè ni ìyìn ti kọ́kọ́ dé. Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé, Rọ́ṣíà àti Gẹ̀ẹ́sì tún àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe, wọ́n sì rí i pé bí ó ti wí ló rí. Ní ọdún 1841, Royal Society ti London fi àmì-ẹ̀yẹ Copley dá a lọ́lá, èyí tí ó ga jù lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ ní ọdún kejì. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn ará ilé rẹ̀ tó yí ojú sí i. Àwa tí a ń ka Ìhìnrere mọ ohun tí Olúwa wa bá pàdé lọ́wọ́ àwọn ará Násárẹ́tì. Kò yẹ kí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yà wá lẹ́nu.

Nínú ìtàn yìí, ẹlòmíràn tún wà tí ó yẹ kí a dárúkọ. Henry Cavendish, olówó ará Gẹ̀ẹ́sì kan, ti rí òfin yìí kan náà ní nǹkan bí ọdún 1781, kí a tó bí Ohm. Kò ní ohun èlò tí ń wọn iná, nítorí náà ó ń jẹ́ kí iná náà gba ara òun kọjá, ó sì ń fi ìrora tí ó mọ̀ lára díwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú àpótí ìwé rẹ̀ ni òfin náà wà títí di ọdún 1879, nígbà tí James Clerk Maxwell tẹ àwọn ìwé náà jáde. Ohm jẹ́ olùkọ́. Ohun tí ó bá mọ̀, ó di dandan kí ó sọ ọ́. Ìdí nìyí tí òfin náà fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1849, a pè é lọ sí Munich. Ní ọdún 1852, a fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní yunifásítì ìlú náà. Ohun tí ó ń wá láti ìgbà ọ̀dọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ọmọ ọdún 63, ọdún méjì péré ni ó sì fi jẹ ẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 1854, ní Munich, níbẹ̀ ni a sì sin ín sí. Kò fẹ́ ìyàwó, kò sì bímọ. Ní ọdún 1853, ọdún tí ó ṣáájú ikú rẹ̀, ni ará Jámánì mìíràn, Àlùfáà David Hinderer ti CMS, àti Anna ìyàwó rẹ̀ fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé láti wàásù Ìhìnrere. Àtùpà elépo ni wọ́n ń tàn. Ọdún 1896 ni iná mànàmáná tó tàn ní Èkó, ọdún 42 lẹ́yìn tí Ohm ti sùn. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1881, àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti pàdé ní Paris, wọ́n sì fi ohm sọ òṣùwọ̀n ìdènà iná ní gbogbo ayé.

Iṣẹ́ Rẹ̀ Nínú Ilé Wa

Ẹnìkan tún fi kún iṣẹ́ Ohm nígbà tí Ohm ṣì wà láàyè. James Joule, ọmọ olówó tí ń pọn ọtí ní ìhà Manchester, fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1840 bí ooru tí iná ń mú jáde nínú wáyà ti pọ̀ tó. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ bí a ti ń ṣírò agbára iná: a ó sọ iye fóltì di ìlọ́po iye áḿpù, èsì rẹ̀ ni wáàtì.

Ẹ jẹ́ kí a mú kẹ́tù oníná kan ní ilé kan ní Ọ̀bà-Ilé. Iná tí ó wọlé jẹ́ 230 fóltì, kẹ́tù náà sì ń fa 10 áḿpù. Bí a bá fi 10 pín 230, a ó rí 23: ìdènà inú kẹ́tù náà jẹ́ 23 ohm. Bí a bá sọ 230 di ìlọ́po 10, a ó rí 2,300: agbára rẹ̀ jẹ́ 2,300 wáàtì, èyí ni kílówáàtì 2.3. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, yúníìtì 2.3 ni yóò jẹ lórí mítà. Ẹni tí ó bá sì ra jẹnẹrétọ̀ tí kò lè gbé ju kílówáàtì 2 lọ ti mọ̀, kí ó tó tan án, pé kò lè gbé kẹ́tù yìí.

Ní alẹ́ tí iná kò bá gbé, àwọn ènìyàn a máa sọ pé kọ́rẹ́ǹtì kò tó. Ibi tí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀ ni fóltì. Ká ní ó já sí 115, èyí ni ìdajì. Ìdènà kẹ́tù ṣì jẹ́ 23 ohm, nítorí náà ìṣàn yóò di 5 áḿpù. Ẹ sọ 115 di ìlọ́po 5: wáàtì 575 ni. Fóltì di ìdajì, agbára di ìdámẹ́rin. Omi tí ó máa ń hó ní ìṣẹ́jú 5 yóò gba ìṣẹ́jú 20, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí ó wuwo jù ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fi sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni a so wáyà sí ní ìgbà tí gílóòbù díẹ̀ àti rédíò kan ni ìdílé ní. Lónìí, a ti so fíríìjì, áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù àti ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ wáyà kan náà. Ká ní ojú ìsopọ̀ kan nínú ògiri ti ń mì tàbí ó ti dípẹtà, tí ìdènà ibẹ̀ fi di ohm 1 péré. Bí 10 áḿpù bá gba ibẹ̀ kọjá, ooru tí yóò jáde níbẹ̀ jẹ́ 10 ní ìlọ́po 10 ní ìlọ́po 1, èyí ni 100 wáàtì. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan gílóòbù àtijọ́ tí ó jẹ́ 100 wáàtì rí mọ bí ó ti gbóná tó. Irú ooru yìí ni ó ń jó lábẹ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì, ní ibi tí ojú kò tó. Bí a bá tún so ohun mìíràn mọ́ ọn tí ìṣàn fi di 20 áḿpù, ooru náà kì yóò di 200. 400 ni yóò dà. Báyìí ni ilé ṣe ń jó lóru tí àwọn ènìyàn a máa ní àwọn kò mọ ohun tí ó fà á. Nítorí náà, bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń gbóná, tí ó ń dúdú, tàbí tí ó ń rùn, ẹ pa iná rẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́. Bí fíùsì bá ń jó, ẹ má ṣe fi wáyà tí ó nípọn rọ́pò rẹ̀. Ẹ wádìí ohun tí ń jó o. Ohun tí ó bá ní mọ́tò, bí i fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfami, ń fa ìṣàn púpọ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìṣirò tirẹ̀ sì ní àfikún. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ fún un.

Gbogbo ìṣirò tí mo ṣe yìí kò kọjá pínpín àti ìlọ́po tí ọmọ wa ti mọ̀ kí ó tó wọ ilé-ìwé girama. Bí ó bá mọ̀ ọ́n bí ó ti yẹ, ó lè gba ẹ̀mí ìdílé rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ ọ́n bí ó ti yẹ bí ojú rẹ̀ kò bá rí abẹ́rẹ́ kí ó yí. Ohm kì bá tí rí òfin náà bí ilé-ìwé girama Cologne kò bá ní yàrá àyẹ̀wò tí ó pé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, nígbà tí a bá jókòó láti pinnu ẹ̀bùn tí a ó fún ilé-ìwé wa ní àjọ̀dún yìí, mo bẹ̀ yín kí a rántí yàrá yìí ṣáájú ẹnu ọ̀nà tuntun àti àga ìjókòó àwọn àlejò. Ohun èlò tí ń wọn fóltì, èyí tí ń wọn áḿpù, wáyà, bátìrì àti gílóòbù kéékèèké tí yóò tó kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án: owó wọn kò tó owó àsè ọjọ́ kan.

Kí a sì rántí olùkọ́ tí yóò lò ó. Bí olùkọ́ físíìsì kan bá wà láàárín wa tí ó ń ṣe ju ohun tí a ń san fún un lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí a dúró di ìgbà tí ará òkèèrè yóò yìn ín kí a tó kí i kú iṣẹ́. Kí Ọlọ́run bùkún ilé-ìwé wa, kí ó sì fún àwọn tí ń kọ́ni nínú rẹ̀ ní sùúrù, ìlera àti èrè iṣẹ́ wọn lójú ayé wọn. Àmín.